Àwo Tí Ń Yí, Àwo Tí Kò Yí

Ní ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ́nà,
Sáúbánà tú ìdí kọ̀ǹpútà àgbélétan mi sórí tábìlì
bí ẹni ń la ẹja gbígbẹ,
nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ mẹ́sàn-án nínú ìdérí agolo mílíìkì.
Ó gbé díìsì sétí mi. "Gbọ́."
Mo gbọ́. Tàk. Tàk. Ó dákẹ́. Tàk.
Bí adìẹ tó ń sọ ilẹ̀ tí kò sí àgbàdo.
"Abẹ́rẹ́ ló ń wá ojú ọ̀nà," ó ní,
"kò mọ ibi tó kọ nǹkan sí mọ́."
Mo ní èmi náà nìyẹn láti ìgbà tí mo ti pé àádọ́ta.
Kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń pọ̀n ọ́n lórí alùpùpù
láti Kétu dé Ìlárá, dé oko tó wà lẹ́yìn Ìlárá,
tí mo ń kọ orúkọ ọmọ tí wọn kò kọ lọ́jọ́ ìbí,
tí ilé ìwé wá ń béèrè ìwé lọ́wọ́ bàbá wọn.
Gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà pupa yẹn,
gbogbo kòtò tí òjò gbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí,
abẹ́rẹ́ ń fò lórí àwo,
èmi sì rò pé ẹ̀yìn mi nìkan ló ń dùn.

Sáúbánà yọ méjì sílẹ̀.
Ọ̀kan wúwo, irin ni, ó tutù bí òkúta odò.
Ẹgbẹ̀rún gíígà. Ẹgbàá mẹ́sàn-án fráǹkì.
"Àká ni. Kó gbogbo Kétu sí i, àyè á ṣẹ́kù.
Ṣùgbọ́n o máa tan ẹ̀rọ, o máa lọ wẹ̀,
o máa mu ẹ̀kọ tán, kó tó la ojú."
Èkejì fẹ́lẹ́ bí bisikíìtì, kò wúwo tó kọ́kọ́rọ́ ilé.
Kò sí àwo, kò sí abẹ́rẹ́, nǹkan kan kò yí nínú rẹ̀.
Igba gíígà ó lé ogójì péré. Ẹgbàá mẹ́rìnlá.
"Jù ú sílẹ̀."
Mo jù ú sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.
Ó mú un nílẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ,
kí n tó ní bísímílà, ilé ti ṣí.

Mo ti ń ka owó. Mo wá béèrè bó ṣe ń kú.

Sáúbánà yọ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Oníyíyí máa ń wúkọ́ kó tó lọ.
Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀kùn. O lè kó ẹrù díẹ̀ jáde.
Aláìyí kò ní ikọ́, kò ní ibà.
Ó máa sùn lálẹ́ ọjọ́ kan,
tí o bá jí i láàárọ̀, kò sẹ́nìkan ńbẹ̀."

Bàbá mi kú bí i ti àkọ́kọ́, oṣù méje lórí ẹní,
a gbọ́ gbogbo ohun tó fẹ́ sọ, àti èyí tí kò fẹ́ sọ.
Àbúrò mi Gàníyù kú bí i ti èkejì, lórí àga, tíì lọ́wọ́.
Títí dòní a kò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀nà Ìlárá ló yàn án, kì í ṣe ọgbọ́n mi.
Owó tó kù, mo fi ra ìwé ńlá eléèpo dúdú,
alaalẹ́ ni mo ń fi bírò da orúkọ kọ síbẹ̀.
Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀rọ ẹgbàá mẹ́rìnlá, o tún ń kọ̀wé bí ọmọ iléèwé!"
Mo ní kò wúkọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Òkú díìsì ńkọ́? Àyọ̀ká ọmọ mi fi ọ̀bẹ ṣí i.
Àwo inú rẹ̀ ń dán ju dígí yàrá lọ.
Ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń di irun.
Mo máa ń rí i láàárọ̀, á súnmọ́ ọn,
imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, èémí rẹ̀ á bò ó.
Orúkọ ẹgbẹ̀ta wà lábẹ́ ìkùukùu kékeré yẹn,
ọmọ Ìlárá, ọmọ oko, tí n kò tíì tẹ̀ jáde.
Ó fi àtàǹpàkò nù ún.
"Bàbá, kí lẹ ń wò?"